Búlúù Kan Ṣoṣo Alhaji Mọ̀núrù

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ bí Alhaji Mọ̀núrù ṣe bá ẹ̀rọ ọsibítù dúnàádúrà, kò tíì dé Èbúté Èrò. Gààrí Ìjẹ̀bú ló ń tà níbẹ̀, kì í sì í dín owó. Bí oníbàárà bá ń pariwo, á gbójú sókè, á máa wo páànù. "Ẹni tó ń pariwo ò tíì ṣe tán àtirà," ló máa ń wí.

Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó rẹ̀ Hàwáwù dúbúlẹ̀, tí kò lè mí dáadáa mọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń báni mí sí i ní ọsibítù. Alhaji jókòó tì í. Kò pẹ́ ni ẹ̀rọ figbe ta, iná pupa ń ṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì Modúpẹ́ sáré dé, Alhaji sì na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ariwo ọjà ni, á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà! Rọ́bà ti yọ!"

Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ki rọ́bà padà sí àyè rẹ̀, ariwo náà dákẹ́. Alhaji fi fìlà nu ojú. Ẹkún ló ń sun.

"Ẹ̀rọ kì í ṣe oníbàárà, sà," ni Modúpẹ́ wí. "Bí iná rẹ̀ bá jẹ́ pupa, ẹ̀mí ni, eré là ń sá. Yẹ́lò, a kì í fi í falẹ̀. Búlúù, ó kàn fẹ́ ká mọ̀ ni, kò sí eré níbẹ̀."

Alhaji ro ó títí. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi dín pupa yẹn kù sí yẹ́lò."

"Kò ṣeé dín, sà."

Ó mi orí. Ó ní ẹ̀rọ náà mọ ọjà tà.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é, Hàwáwù dìde. Àmọ́ ọkọ rẹ̀ ti kó ẹ̀kọ́ náà wálé, kò sì pe ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ dárúkọ àwọ̀. Bí òjò bá ṣú, á ké sí ọmọ tó ń bá a tajà: "Ṣàíbù, yẹ́lò! Ẹ palẹ̀ gààrí mọ́!" Bí tíì rẹ̀ bá tutù: "Hàwáwù, pupa!" Obìnrin á sáré jáde ní kíṣìnnì, ọṣẹ lọ́wọ́.

"Alhaji, ṣé pupa nìyí?"

"Pupa ni. Mi ò dín in."

Ohun tirẹ̀ kankan kò jẹ́ búlúù rí. Ikọ́ kékeré, pupa. Bàtà tó sọnù, pupa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Hàwáwù ń ṣe àlùwàlá nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá, jẹ́jẹ́.

"Hàwáwù, búlúù ni o. Má sáré."

Ó ju búútà sílẹ̀, ó sáré. Kò sáré bẹ́ẹ̀ rí fún pupa kankan. Ó bá a láàyè, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Alhaji wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tí omi ń kán lára rẹ̀. "Mo ní kó o má sáré," ó wí. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ará ọjà tún sọ ìtàn ẹ̀rọ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, Hàwáwù náà rẹ́rìn-ín. Ṣàíbù wá bi í ohun tó mú un sáré nígbà tó jẹ́ búlúù ni Alhaji pè.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé Alhaji kì í dín nǹkan," ló dáhùn. "Ó wá dín pupa kù sí búlúù fún mi, mi ò sì ná an."