Ẹ Kọjú sí Ògiri

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi jẹun ní Johannesburg títí orúnkún mi fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀: "Nínú mẹ́wàá, mélòó lo mọ alùpùpù gùn dé?" Mo bi àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri, mo bi dókítà, mo bi pásítọ̀. Irọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pa fún mi. Kì í ṣe pé inú wọn burú. Ta ló fẹ́ jókòó lórí ohun tó ń bú ramúramù lábẹ́ ẹ̀ kó wá máa sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n? Ó sú mi láti máa gbọ́ ọ, àní ó sú mi gan-an. Títí dòní, bí ẹnì kan bá ń sọ fún mi pé òun mọ màṣíìnì gùn dáadáa, "Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ" ni mo máa ń sọ, màá sì bá tèmi lọ.

Turffontein ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà àlòkù. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ kiri ni mo kọ́kọ́ ń kọ́. Mẹ́wàá ni gbogbo wọn máa ń pe ara wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ ní méjìlá.

Mo ní, "Méjìlá nínú mẹ́wàá kẹ̀?"

Ó ní, "Tíṣà, mo gun ọ̀kadà l'Ágége."

Mo ní ó dáa, kó gùn ún kí n rí i. Ó fún un níná, ó lọ taara, ó lọ gbá òkìtì táyà àlòkù. Nígbà tó dìde, tó gbọn eruku ara ẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n fi bíréèkì sí nílùú yìí yàtọ̀ sí tilé. Mi ò bínú sí i. Ebi ló ń pa irọ́ yẹn, ebi sì mọ irọ́ pa.

Irọ́ àwọn tó yó ni mi ò tètè mọ̀ ọ́n tú.

Àwọn mẹ́rin kan ní Midrand ló ránṣẹ́ pè mí. Yorùbá ni gbogbo wọn, ọmọ ìjọ kan náà, tí wọ́n máa ń kó alùpùpù ńláńlá jáde lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n fẹ́ gùn ún dé Durban nígbà Àjíǹde, wọ́n ní kí n wá tún wọn kọ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Láńre ni olórí wọn, ẹnjiníà, èèyàn jẹ́jẹ́ tó lawọ́, tí wọ́n ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún. Dókítà kan wà níbẹ̀, olùkọ́ yunifásítì kan wà níbẹ̀. Ẹni kẹrin ni Fúnkẹ́, aya àbúrò Ẹ̀gbọ́n Láńre. Ọkọ ẹ̀ ò gun nǹkan kan ní tiẹ̀; ó ní òun fẹ́ràn ẹsẹ̀ òun méjèèjì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó wọn sìn mí dé ẹnu géètì. Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n rọra sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́n gùn tó bí wọ́n ṣe rò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde ni mo máa ń wà lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò fẹ́ di opó nílẹ̀ onílẹ̀."

Mo ní, "Mà, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n ní, "Gbogbo yín lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n wọlé lọ.

Àwọn ọ́fíìsì máa ń dá wáí lọ́jọ́ Sátidé ní Midrand, torí náà a gba àyè ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi, mo ní kí wọ́n na ìka dípò ẹnu. Ká ní ẹ wà níbẹ̀! Kò sẹ́ni tó na ìka. Ẹ̀gbọ́n Láńre ni gbogbo wọn ń wò. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n na mẹ́sàn-án, dókítà na méje, olùkọ́ yunifásítì na mẹ́fà, Fúnkẹ́ na mẹ́ta. Ọjọ́ orí ni wọ́n nà fún mi. Bí mo bá ní kí wọ́n tò ya fọ́tò ẹbí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ṣe tò.

Mo gbé agolo ọ̀dà méjì kalẹ̀, mo ní kí kálukú máa yí wọn po, jẹ́jẹ́, láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Eré sísá ò le. Ọmọdé lè fún màṣíìnì níná lójú títì tó gbòòrò. Ìgbà tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ ni wàá mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí ìgbà yẹn ni kilọ́ọ̀ṣì, bíréèkì àti ojú gbọ́dọ̀ gbọ́ra wọn yé. Ẹ̀gbọ́n ò tíì yí agolo kìíní po tán tí màṣíìnì fi dùbúlẹ̀, tòun tàwọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Gbogbo wọn sáré lọ.

Dókítà ní, "Ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn ló ń yọ̀."

Ilẹ̀ tó gbẹ táútáú! Òjò ò kàn án lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ní táyà tuntun ni, táyà tuntun a sì máa yọ̀. Mo fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó kan Fúnkẹ́, ó yí agolo méjèèjì po bí ẹni tó ń gbálẹ̀ iyàrá ara ẹ̀, kò yára, kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó tún ń wò wá bó ṣe ń lọ.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ìyàwó, níbo lo ti kọ́ ọ?"

Ó ní nọ́ọ̀sì ìjọba ni bàbá òun lágbègbè Àkúrẹ́, orí màṣíìnì ni wọ́n fi ń lọ fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ lóko. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, òun ló ń gbé wọn lọ, nínú ẹrọ̀fọ̀, lórí afárá onígi.

"Kí ló dé tí o wá na mẹ́ta?"

"Tíṣà, Bọ̀dá na mẹ́sàn-án. Ṣé kí n wá na mẹ́jọ? Ṣé kí wọ́n máa sọ pé ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wálé ń bá wọn du àga? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n jẹun nílé ọkọ mi."

Nínú iṣẹ́ wa, bí alùpùpù bá pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ló ń ṣáájú. Òun ló ń yan eré tí àwọn yòókù máa sá, òun ló ń kọ́kọ́ rí ihò àti yanrìn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó á wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, á máa gba ibi tó gbà. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún yín yìí, mo ní kí Fúnkẹ́ máa ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n Láńre rẹ́rìn-ín. Wọn ò bínú rárá. "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín dáa. Àmọ́ ṣé àwa la ó wá máa tẹ̀ lé ìyàwó kiri ìgboro Johannesburg?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Fúnkẹ́ ló tiẹ̀ rẹ́rìn-ín jù. Bí Ẹ̀gbọ́n bá bínú ni, mi ò bá bá wọn jà. Ẹ̀rín ni mi ò mọ bí mo ṣe máa bá jà. Ó rẹ̀ mí, mo bá gbà fún wọn.

Báyìí la ṣe gbéra ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, láti lọ fi àwọn òkè Magaliesberg dánra wò kí Durban tó dé. Ẹ̀gbọ́n ṣáájú, dókítà tẹ̀ lé wọn, olùkọ́ yunifásítì tẹ̀ lé dókítà, Fúnkẹ́ tẹ̀ lé e, èmi kẹ́yìn lórí màṣíìnì kékeré mi. A gba Fourways kọjá. Ní gbogbo róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, Ẹ̀gbọ́n á gbọ́wọ́ sókè fún wa bí olórí ogun. Fúnkẹ́ ò gbìyànjú láti kọjá wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bá ń rìn gbéregbère, á dín eré kù, á fi àyè sílẹ̀. Mo ń wo ejìká ẹ̀ látẹ̀yìn, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, kì í ṣe nítorí ara ẹ̀.

Òjò ọ̀sán dé bó ṣe máa ń dé níbí, láìkìlọ̀. A ń gun òkè lọ lọ́wọ́. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí akoto wa gbàgbàgbà. Kọ́nà kan yọ níwájú. Mo rí iná ẹ̀yìn màṣíìnì Ẹ̀gbọ́n tó pọ́n lójijì, wọ́n ti tẹ bíréèkì láàárín kọ́nà, èyí tí a kì í ṣe. Màṣíìnì nà ró, ó kọ̀ kò yí mọ́, ó gbé wọn gba ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀. Tírélà sì ń bọ̀. Mo pariwo nínú akoto mi bí ẹni pé wọ́n á gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n!" Fèrè tírélà yẹn ṣì ń dún létí mi nígbà míì. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi ẹ̀ bò wọ́n, ó gbé ọwọ́ aṣọ wọn fẹ́lẹ́lẹ́. Wọ́n dúró sínú koríko níhà kejì, lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, láàyè. Orí ló yọ wọ́n. Wọn ò ṣe nǹkan kan tó yọ ara wọn.

Ilé epo kékeré kan wà lókè díẹ̀. A ti àwọn màṣíìnì dé ibẹ̀, a sá sábẹ́ òrùlé. Ẹni tó ń ta epo wò wá, ó mi orí. "Eish, madala," ló sọ fún Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà. Kò sẹ́ni tó sọ pé ilẹ̀ ló yọ̀. Fúnkẹ́ ló bá Ẹ̀gbọ́n tú okùn akoto wọn. A ṣì máa sọ̀ ká tó délé, ilẹ̀ sì ti tutù. Mo ronú kan ìyàwó Ẹ̀gbọ́n lórí ìkúnlẹ̀.

Inú ló bí mi nígbà náà, ìbínú ẹni tó ti rẹ̀. Mo ní, "Gbogbo yín, ẹ kọjú sí ògiri. Ẹ kọ́wọ́ sẹ́yìn. Ẹ na ìka tí ẹ mọ̀ ọ́n dé. Kò sẹ́ni tó máa rí ti ẹnì kejì. Ohun tí mo bá rí, èmi àti Ọlọ́run ni."

Ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Wọ́n tò síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fẹ́ nà. Dókítà na mẹ́rin. Olùkọ́ yunifásítì na mẹ́rin. Fúnkẹ́ na mẹ́ta, ó dúró díẹ̀, ó wá na mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n Láńre na méjì.

Mo dúró lẹ́yìn wọn. Mo ti ń wá irọ́ tó níyì tí màá fi bò wọ́n láṣìírí, mo fẹ́ sọ pé iná màṣíìnì Fúnkẹ́ ló mọ́lẹ̀ jù, kó máa ṣáájú nítorí òjò. Mo tilẹ̀ ti la ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n ò yíjú kúrò lára ògiri. Wọ́n kàn mú ọwọ́ wọn kúrò lẹ́yìn, wọ́n gbé ìka méjèèjì sókè lórí orí wọn, níbi tí gbogbo wa ti lè rí i.

Wọ́n ní, "Méjì ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Fúnkẹ́, mélòó lo nà?"

Fúnkẹ́ tún súnmọ́ ògiri.

"Ìyàwó, mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Mẹ́jọ, sà."

Ẹ̀gbọ́n yíjú padà. Ojú wọn tutù, bóyá òjò ni, mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ò ríran? Mẹ́jọ ló ń tẹ̀ lé méjì látàárọ̀. Bọ́ síwájú, ọmọ mi. Mú wa délé."

Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú bàtà ńlá ẹsẹ̀ ẹ̀, nínú omi epo. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó wá dìde, ó dé akoto ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún wa bí ẹni pé ọjọ́ tó ti ń dúró dè ni. "Bọ̀dá, ẹ wà lẹ́yìn mi gan-an. Ẹ má wo ilẹ̀, ẹ máa wo ẹ̀yìn mi. Ibi tí mo bá gbà ni kí ẹ gbà." Jẹ́jẹ́ la sọ̀ kalẹ̀ dé Fourways, Ẹ̀gbọ́n ń fi táyà wọn tẹ ibi tí tiẹ̀ tẹ̀. Ní róbọ́ọ̀tì, Fúnkẹ́ ló ń gbọ́wọ́ sókè. Ẹ̀gbọ́n náà á gbé tiwọn sókè láti dá a lóhùn.

Wọn ò lọ sí Durban ní Àjíǹde yẹn. Ẹ̀gbọ́n Láńre wá sí Turffontein, wọ́n ń yí agolo ọ̀dà po láàárín àwọn tó ń wá iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, kò sẹ́ni tó ń bá wọn bú ilẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ, Fúnkẹ́ níwájú, wọ́n sì bọ̀ láyọ̀. Ìyàwó wọn ní kí n gba ọpẹ́. Mo ní, "Èmi kọ́, mà. Ògiri ni."

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti bi ẹnikẹ́ni lójú ẹlòmíràn mọ́. Nígbà tí Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kọ́ wọn ní ọjọ́ Sátidé, ohun tí òun náà ń kọ́kọ́ sọ fún wọn nìyẹn: ẹ kọjú sí ògiri.

Orúnkún mi ti ń dùn mí nígbà yẹn, ojú mi náà ò sì ríran dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fẹ́ fi han àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń yí agolo po, mo gbá agolo. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo ní oòrùn ló wọ̀ mí lójú. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Fúnkẹ́ wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Tíṣà, ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹ bá mi kọjú sí ògiri."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Mo bá yíjú, mo kọ́wọ́ sẹ́yìn. Mo na márùn-ún. Mo dúró díẹ̀, mo ká méjì kò nínú ẹ̀.

Mo gbọ́ tó mú kọ́kọ́rọ́ mi lórí àga, mo gbọ́ tí màṣíìnì mi dún.

Ó ní, "Ẹ gòkè sẹ́yìn mi, sà. Ẹ dì mí mú dáadáa."

Mo dé akoto mi, mo gòkè.