Àkùkọ Pupa Tí Màámi Rà Ní Ìfọ́

Òórùn eèrí àgbàdo tí wọ́n fi omi gbígbóná pò ló máa ń jí mi lórí ẹní nílé wa ní Mọ́wé, nígbà tí ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Lotto lónìí ṣì jẹ́ igbó. Màámi ti wà lẹ́yìnkùlé nìyẹn, lọ́dọ̀ àwọn adìyẹ dúdú ẹlẹ́sẹ̀ gíga tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ogún tó jẹ náà nìyẹn, kò sí òmíràn.

Kì í jẹ́ kí àkùkọ gun ọmọ ara rẹ̀. Bí a bá ń ṣa èyí tá a máa dá sí, á ní, "Wo ẹsẹ̀, wo ẹnu, kó o tó wo ìyẹ́." Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, a ó gbé àkùkọ kan lọ fún Ìyá Ráfíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀fàdà, a ó sì gba tirẹ̀ bọ̀.

"Ọkọ ìyàwó dé!" ni Ìyá Ráfíù á kígbe. "Bó ṣe rù yìí, ṣé ẹ ń fún un lóúnjẹ ṣá?"

"Ẹ̀yin náà ẹ bọ́ ọ dáadáa, kó má lọ ròyìn pé ahun làwọn àna òun," ni Màámi á fèsì.

Lọ́dún kan, ẹnu wíwọ́ làwọn òròmọdìyẹ gbé jáde nínú ẹyin. Wọn ò lè ṣa oúnjẹ. Màámi gbé ọ̀kan lọ sí Ọ̀fàdà.

"Ìyá Ráfíù, àkùkọ yín ló fà á."

"Tèmi kẹ̀? Ṣebí ọmọ àkùkọ tí ẹ gbé wá fún mi ni!"

Ibẹ̀ ló ti yé àwọn méjèèjì. Pàṣípààrọ̀ náà ti pẹ́ débi pé adìyẹ ilé méjèèjì ti di ọmọ ìyá.

Màámi bá lọ sọ́jà Ìfọ́, ó ra àkùkọ pupa kan tí kò bá tiwa tan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tú u sáàárín wọn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò pẹ́, ọrùn àkùkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ó sì kú. Àwọn dúdú tẹ̀ lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀yìnkùlé fi pa lọ́lọ́. A ránṣẹ́ tọrọ ẹyin irú wọn lọ́dọ̀ Ìyá Ráfíù. Ó ní òun ti ta gbogbo adìyẹ òun nítorí ẹnu wíwọ́ yẹn.

Màámi jókòó ti àgò òfìfo. "Bọ́lá, ọwọ́ mi ni wọ́n parẹ́ sí."

"A máa rí òmíràn, Màámi," ni mo wí. Ó dá mi lójú gbangba.

Mo ti dàgbà ju Màámi ìgbà yẹn lọ. Mo ti wá àwọn adìyẹ dúdú yẹn dé Ìbafọ̀, dé Akútè. Adìyẹ agíríìkì ni wọ́n ń nà sí mi. Mo ti wá mọ̀ pé à á kọ́kọ́ ya adìyẹ àlejò sọ́tọ̀ ná, ká fi wò ó bóyá àrùn wà lára rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ìmọ̀ yẹn ṣe? Ká ní èmi tòní ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà, ǹ bá má lè la ẹnu sọ pé a máa rí òmíràn.