Orúnkún Tó Pa Àpá Bọ́ọ̀lù Rẹ́ ní Àkírà

Wọn kò tíì pe ìrun àárọ̀ Ọjọ́rú tí mo ti múra tán. Ìyá mi ti jí ṣáájú mi. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bá mi fi ojú ara rẹ wo ọmọ náà wá. Mi ò mọ adùn tí ẹ̀ ń rí nínú kí èèyàn máa lé bọ́ọ̀lù kékeré kiri nínú oòrùn." Ọmọ tí ó ń wí ni Rúkáyà, ọmọ àbúrò mi Kàmọ́rù, tí ó ti ń ta páàtì mọ́tò ní Àkírà láti ọdún méjìlélógún. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Rúkà sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù débi pé ó ku ẹni mẹ́rin péré nínú ìdíje tẹ́níìsì ńlá tí àwọn ọmọbìnrin orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá jà sí. Nínú àwọn ọmọ Gánà tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, wọn yóò mú ẹnì kan ṣoṣo lọ sí iléèwé tẹ́níìsì ní Dàkárì fún ọdún mẹ́ta, ọ̀fẹ́. Èmi tí mo fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ṣe tíṣà eré ìdárayá, ṣé orí fóònù ni wọ́n á ti máa ròyìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi?

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé wa dé Èkó kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo sùn ní ilé ìbátan kan ní Badagry, mo sì kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹnubodè náà tí ẹ ò tíì gbọ́ rí. Kùtọnu kún fún ọlọ́kadà, ṣẹ́ẹ̀tì gbogbo wọn yẹ́lò bí ìbẹ́pẹ. Ní Lómé mo jẹ àkàsù gbígbóná pẹ̀lú ata àti ẹja dídín, mo sì fi ẹsẹ̀ mi rìn kọjá sí Áfúláò, tí í ṣe ilẹ̀ Gánà. Ọkọ̀ Áfúláò sí Tudu, gáréèjì àárín ìlú Àkírà, jẹ́ sídì márùndínlógójì, owó wọn níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní "méètì", ìyẹn kọ́ńdọ́, dá ṣéńjì mi padà kí n tó béèrè. Mo wò ó títí. Ní ilé wa, ìwọ àti ẹlòmíì ni wọn ì bá so pọ̀ mọ́ owó kan, kí ẹ máa wá ara yín kiri.

Dẹ́rẹ́bà náà ń gbọ́ ìròyìn eré ìdárayá. Mo sọ fún un pé ọmọ wa wà nínú ìdíje náà.

"Rúkáyà ọmọ Mamobi?" Ó yíjú padà débi pé ẹ̀rù bà mí. "Bàbá, ọmọ tiyín kọ́! Ọmọ Gánà ni! Tiwa ni!"

Inú mi dùn. Mo jẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ mi.

Mamobi ni Kàmọ́rù ń gbé, àdúgbò tí òrùlé ti ń kan ara wọn, tí ọmọ iléèwé kéú ń ké wáláà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Bí mo ṣe wọlé, Rúkà dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, ó ní, "Akwaaba, Bàbá." Ẹ káàbọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi kò na ọwọ́ tèmi.

"Lórí ìdúró?" Mo bi í. "Ta ló bí ẹ?"

Kàmọ́rù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbí nìyẹn."

"Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún ni?"

Rúkà rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. "Bàbá, pílíìsì, ẹ káàbọ̀." Mo gbé e dìde, mo sì súre fún un. Wọ́n gbé wààkyé wá nínú ewé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ títí ó fi pọ́n, pẹ̀lú ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣìtọ́. Mo jẹ ẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ewé mọ́ ọn.

Sátidé ni eré. Ní ilé wa, orí sìmẹ́ǹtì ni à ń gbá tẹ́níìsì, bọ́ọ̀lù kì í fi àpá sílẹ̀ níbẹ̀. Pápá tiwọn yìí, erùpẹ̀ pupa kíkúnná ni. Wọ́n á fi àwọ̀n ńlá wọ́ ọ títí yóò fi jọ̀lọ̀, wọ́n á sì gbá orí ìlà funfun mọ́. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí, àpá rẹ̀ á hàn bí ojú àtàǹpàkò. Tí àríyànjiyàn bá dé, rẹfirí á sọ̀kalẹ̀ wá wo àpá náà, ọ̀rọ̀ sì tán.

Ẹni tí mo jókòó tì, Kwéku ni orúkọ rẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ní pósíọ́fíìsì rí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, ó pín in sí méjì fún èmi àti òun. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní Kofi Burókìmáàn ni àwọn ń pe bọ̀ọ̀lì, nítorí pé Kofi tí kò lówó lọ́wọ́ pàápàá lè yó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí Kwéku sí àwọn tó ṣètò ìdíje náà.

"Wo ibẹ̀ yẹn," ó nawọ́ sí abẹ́ àtíbàbà. "Àwọn tí kò mọ rákẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ìgbálẹ̀ ló wà lábẹ́ ìbòòji, tí wọ́n ń mu omi tútù. Àwa tí a mọ eré, oòrùn ń sè wá. Ó sì yẹ kí èèyàn méje máa ṣọ́ ìlà. Rẹfirí kan ṣoṣo ni wọ́n gbé sórí àga gíga, arúgbó sì ni. Wàhálà ń bọ̀."

Rúkà wọlé pẹ̀lú ìborí funfun àti ṣòkòtò gígùn lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Ibo ni ariwo kò ti sọ? Wọ́n ń pe "Mamobi! Mamobi!" títí tí Kwéku fi dìde jó. Ọmọ Lómé kan tó ga, tí kì í rẹ́rìn-ín, ni ó bá jà. Ẹni tó bá mú méjì nínú ipele mẹ́ta ló borí. Ẹ̀kíní, ọmọ Lómé mú un. Ẹ̀kejì, Rúkà gbà á. Ẹ̀kẹta ni gbogbo wa kò lè jókòó mọ́. Ó ku àmì kan ṣoṣo kí ọmọ Lómé borí. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan gùn, ó bọ́ sí kọ̀rọ̀ ìlà ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ Rúkà. Rúkà gbé ìka sókè: ìta ni. Ọmọ Lómé fi ọwọ́ lé orí. Rẹfirí kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti orí àga díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó ti í ṣe, ó sì rìn wá wo àpá.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Rúkà ni ọmọ náà kúnlẹ̀ gbì sí iwájú rẹ̀, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó dìde, orúnkún rẹ̀ pupa, kò sì sí àpá kankan nílẹ̀ mọ́.

Rẹfirí bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó tún nàró. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá pa àpá rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ti gbà pé inú ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Ó nawọ́ sí ọmọ Lómé. Eré parí.

Háà! Mo ti rí ìjà nínú pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí bí ìfẹ́ ṣe ń yí padà báyìí rí. Àwọn tó ń pe "Mamobi" ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n ń pariwo "Alata! Alata!" Orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwa Yorùbá nìyẹn. Mo yíjú sí Kwéku, mo rò pé yóò gbèjà wa. Ó ti gbé ẹ̀pà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ó ní, "Ọgbọ́n àyínìke ni. Mo ti ń wo ọmọ yìí láti kékeré, kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí."

"Èmi ni mo kọ́ ọ! Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí ni mo kọ́ ọ!" Mo pariwo mọ́ ọn. "Àgbà ló rí tó kúnlẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń na ọwọ́ sí bàbá yín bí ẹni ń gba ìwé, kí lẹ mọ̀?" Mo fi kún un pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé. Kí Rúkà wá fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa àpá náà rẹ́ ni, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ti Dàkárì. Tó bá jẹ́ àṣà ilé rẹ̀ ni, kò sí ẹjọ́. Kí ó mú àgbà kan wá tó lè jẹ́rìí sí àṣà náà. Kàmọ́rù wò mí. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Ní Sọ́ńdè mo wọ trotro, bọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo ìlú ń wọ̀, mo fẹ́ kí ará ilé wa kan ní Dansoman. Ọ̀rọ̀ náà ti dé inú ọkọ̀ ṣáájú mi. Obìnrin tó gbé agbọ̀n ẹja dání ní òfin náà le jù, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù yẹn tún ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, ní òkè òkun, ẹ̀rọ ni ó ń wo ìlà, kí ló dé tí wọn kò ra ẹ̀rọ? Méètì ní tirẹ̀ ní Alata kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì ṣàlàyé pé ọmọbìnrin wa a máa kúnlẹ̀, ọkùnrin a sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Sórí ilẹ̀ yìí?" Akẹ́kọ̀ọ́ náà bi mí.

Nígbà tí a sọ̀ ní Dansoman, èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú jàlámíà funfun mi níwájú obìnrin ẹlẹ́ja. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Méètì pàápàá ní òun gbà báyìí. Mo gbọn eruku ara mi, mo sì ń rìn lọ bí akọni.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, èmi àti Rúkà nìkan ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ takisí. Kàmọ́rù ti ṣáájú lọ. Mo ń ka ohun tí n ó sọ sí ara mi létí.

"Bàbá, pílíìsì, mo fẹ́ sọ nǹkan."

"Sọ ọ́."

"Bọ́ọ̀lù yẹn. Inú ló bọ́ sí."

"Bọ́ọ̀lù wo?"

"Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó kan ìlà. Mo ti rí àpá ẹ̀ kí rẹfirí tó sọ̀kalẹ̀."

Mo ní, "Ìkúnlẹ̀ ńkọ́?"

"Mo rántí bí ẹ ṣe ní kí n kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní tí mo bá kúnlẹ̀ lé àpá yẹn lórí, wọ́n á rò pé èèṣì ni, kò sẹ́ni tó máa bínú sí mi." Ó ń wo ojú fèrèsé. "Ṣùgbọ́n ẹ sáà sọ pé àṣà wa ni. Irọ́ kọ́ nìyẹn, àbí? Àṣà wa ni lóòótọ́."

Mo rántí Kwéku, mo rántí ara mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Dansoman, ìtìjú sì bò mí. Ohun tó sì burú jù ni pé òótọ́ ni ó sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo fẹ́ wí tó jẹ́ irọ́.

Èèyàn márùn-ún ló jókòó yí tábìlì ká. Ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú ni alága wọn. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ọmọbìnrin yín máa ń kúnlẹ̀ fún àgbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni."

"Ṣé nítorí ìyẹn ni ọmọ yìí ṣe kúnlẹ̀ ní Sátidé?"

Mo la ẹnu. Kàmọ́rù ń wò mí láti ẹnu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Gbogbo wọn dúró dè mí.

Rúkà dìde. "Màmá, inú ni bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí. Mo mọ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ pa àpá rẹ̀ rẹ́ ni. Ẹ má bi bàbá mi mọ́."

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ti Dàkárì. Wọ́n tún ní kó má ṣe bá wọn gbá ìdíje kankan fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ Kùmásì kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìyá alága di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó jáde, ṣùgbọ́n kò yí ìdájọ́ padà. Ní ìta, Rúkà sunkún títí tí ìborí rẹ̀ fi rin. Nígbà tí a délé, ohun kan ṣoṣo ni Kàmọ́rù wí: "Ì bá ti dákẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ì bá sáà ti dákẹ́."

Ọjọ́bọ̀ ni mo padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ìròyìn ti ṣáájú mi lórí fóònù. Ìyá mi kò béèrè bí ọ̀nà ṣe rí.

"Wọ́n ní ọmọ wa rẹ́ni jẹ."

"Ó ṣe é, ìyá mi. Òun náà ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ní ojú gbogbo wọn."

Ó ní, "Ó ṣeun. Bí kò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìwọ, kí lo fẹ́ wí?"

Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Mo gbé báàgì mi wọlé.

Mo ti rìn jìnnà, mo sì rò pé èmi ni mo lọ kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́. Ìyá mi kò tíì gba èsì lẹ́nu mi títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo lè sọ fún yín. Mo ti la ẹnu tán kí ọmọ náà tó dìde, "bẹ́ẹ̀ ni" ló sì wà lórí ahọ́n mi.