Ohùn Ṣadé àti Ìgò Orí Pẹpẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Aládé, òórùn kòkò tó ń gbẹ ló máa ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lábẹ́ àpáta Ìdànrè, ẹ mọ òórùn náà: ó kan, ó sì dùn, bí ẹ̀kọ àná tí wọ́n bu oyin sí. Kí a tó rí iṣu sísun jẹ, a ó ti tẹ́ kòkò sórí ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, a ó sì máa fi ẹsẹ̀ tú u kí oòrùn lè dé abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí ewúrẹ́ já wọ ibẹ̀, Bàbá wa á ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Èmi ni mo kúnlẹ̀ jù. Ó ku díẹ̀ kí orúnkún mi gbẹ́ kòtò sílẹ̀.

Lórí kòkò yẹn ni ẹgbẹ́ olórin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ṣadé, ti bẹ̀rẹ̀. Tísà kan ní ilé ìwé wa (ilé ìwé tí èmi tètè sá kúrò níbẹ̀) ra gìtá láti Èkó. Ó ti gbọ́ àwọn ọmọ òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù lórí rédíò, àwọn ọkùnrin ń ta gìtá, obìnrin ń kọrin níwájú, ló bá ní Ìdànrè náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Jímọ̀ọ́, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lóko wa, ló ń lu ìlù.

Bàbá wa kọ́kọ́ yarí. "Ṣadé, ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń ké bí ẹranko ọ̀wàwà lóru?" Ìyá wa bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá wá ní, "Ó dáa. Ẹ máa kọ ọ́ lórí kòkò mi, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tú u. Mi ò lè bọ́ ọ̀lẹ." Bí wọ́n ṣe ń kọrin tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nìyẹn. Bí òjò bá ṣú, tí Ìyá wa pariwo, "Ẹ kó kòkò o!", orin á dá wáí, Tísà á ju gìtá sílẹ̀, á gbé agbọ̀n.

Ohùn Ṣadé ńkọ́? Bó bá ké, àpáta á gbà á, á dá a padà, àwọn tó wà lóko á rò pé obìnrin méjì ni. Ọ̀wàwà orí òkè fi odidi ọdún kan dákẹ́, ojú ń tì í. Àwọn ọ̀bọ sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè, wọ́n jókòó sórí ògiri wa, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú mi báyìí ló ṣe.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè wọ́n sí Oǹdó àti Àkúrẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ rí ijó wíwọ́-ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní ijó Lọ́ńdọ̀nù tuntun ni. Ẹ wo àwọn oníbàtà gogoro tí wọ́n ń tú kòkò tí kò sí nílẹ̀! Òkìkí dé Èkó, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwo orin sì ní àwọn ń bọ̀ wá gbọ́ Ṣadé ní Aládé. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sínú àwo. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun. "Kódà bí mo bá kú," ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, "ohùn mi á ṣì máa dà ẹ́ láàmú."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, òtútù mú un, imú rẹ̀ dí, ọ̀fun rẹ̀ ń ha. Ó jẹ orógbó, ó wọ ilé tí a ń kó kòkò sí lọ wá oyin. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkò, ẹ mọ àṣà wa: bí oògùn tí a ń fín sí kòkò bá ṣẹ́kù, tí páànù rẹ̀ ń dípẹtà, a ó dà á sínú ìgò ọtí kó má bàa ṣòfò. Bàbá wa ti dà á bẹ́ẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin. Ìgò kan náà, àwọ̀ kan náà. Imú tó dí kò gbóòórùn. Ó gbé e sẹ́nu, ó sì gbé e mì.

Igbe tó ké, àpáta dá a padà. Kò ké mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu, Jímọ̀ọ́ pọ̀n ọ́n sáré dé ojú títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé e lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́. Lọ́sàn-án, àwọn ará Èkó dé, wọ́n bá gìtá lórí kòkò tí ẹnikẹ́ni kò tú. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n lọ.

Ṣadé kò kú. Ó padà sílé pẹ̀lú ohùn tó dà bí ewé kòkò gbígbẹ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tísà mú ọmọbìnrin mìíràn wá. Ó kọrin, àpáta kò dá a lóhùn. Tísà bá tirẹ̀ lọ, Jímọ̀ọ́ padà sí Ìsẹ́yìn, ikán jẹ gìtá. Bàbá wa kó gbogbo ìgò ilé wa, ó ń fọ́ wọn mọ́ àpáta lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fi oyin kan ẹnu mọ́ títí ó fi kú.

Ayé ìsinsìnyí rọrùn. Ọmọdé kì í kúnlẹ̀ nítorí ewúrẹ́ mọ́, fóònù àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń gba ohùn gbogbo ènìyàn sílẹ̀, títí kan bí mo ṣe ń hanrun. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí oògùn kòkò nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lórí pẹpẹ ọmọ mi. "Bàbá, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é," ló wí. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin ín.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ orin yẹn." Kò sí àwo. Ẹnu mi nìkan ló kù, ó sì ń bù mọ́ ọn lọ́dọọdún; àwọn ọ̀bọ ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n á wá yíjú sí Ṣadé, tó jókòó sórí àpótí létí kòkò: "Ìyá àgbà, ṣé lóòótọ́ ni ọ̀bọ pàtẹ́wọ́?" Á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa wọ́ lórí kòkò, á máa bá orin kan lọ tí àwa yòókù kò gbọ́.