Oúnjẹ Tí Ṣukúrá Ń Bù Fún Àwọn Àbúrò Rẹ̀

Ọjọ́ tí mo wọn Ṣukúrá fún aṣọ Màólúdì ni ọkàn mi kọ́kọ́ já. Aránṣọ ni mí ní Ìlaròó níbí. Mo fi téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká, mo rò pé mo ṣì í kà, mo tún un wọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ṣùgbọ́n ìbàdí àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mọ́kànlá fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, mo rí irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára rẹ̀, bíi ti ọmọ tuntun, láti ọrùn dé ìdí. Oòrùn ń mú gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ náà, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan kan.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ti bọ́dà nígbà yẹn. Ọkọ mi ló máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹrù wá láti Owódé. Láti ìgbà tí ọ̀nà náà ti dá, ilé ló ń jókòó sí. Ìrẹsì tí à ń jẹ nígbàkígbà wá di ti ọjọ́ Jímọ̀ nìkan. Ọmọ mẹ́rin la bí, Ṣukúrá sì ni àkọ́bí. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú abọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Inú mi dùn. Mo sọ lójú gbogbo wọn pé, "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n yín. Òun ló mọ bí ilé ṣe rí." Bàbá rẹ̀ náà ṣàdúrà fún un. Bó ṣe ń bù ú kúrò sí i la ń yìn ín sí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ téèpù yẹn, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa. Wọ́n tọ́jú táífọ́ọ̀dù, wọ́n tún tọ́jú ọgbẹ́ inú. Ìyà lásán ni wọ́n fi jẹ wá. Nígbà tí mo gbọ́ pé kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́, àbúrò ọkọ mi sọ sí mi létí pé kí n lọ wò ó bóyá ó ti lóyún. Mo mú un lọ fún àyẹ̀wò. Kò sí oyún. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Bí a bá fipá mú un jẹun, yóò fi òkèlè sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí a ó fi gbójú kúrò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀ níbi àdúrà nílé ìwé, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wá. Ọkọ mi tẹ́ ẹní sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta.

Ibẹ̀ ni dókítà kan ti ṣàlàyé fún wa. Ó ní àìsàn kan wà tó máa ń mú inú ọkàn, tí ọkàn á wá ka oúnjẹ léèwọ̀ fún ara. Ó ní kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe àṣà burúkú. Bí ara kò bá rí oúnjẹ gbà, ẹran ara àti egungun ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Irun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀, ara ló hù ú láti fi dá ààbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ òtútù, torí pé ọ̀rá ti tán lábẹ́ awọ. Nǹkan oṣù náà dúró torí pé ara ń ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù lò.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n se oúnjẹ wá, ìkòkò ńlá. Wọn ò gbà. Wọ́n ní bí oúnjẹ bá ya lu ara tí ebi ti pa pẹ́, àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn inú àyà fi ń lù lè wálẹ̀ lójijì, kí ọkàn sì dáṣẹ́ dúró. Ṣíbí ṣíbí ni wọ́n ń fún un ní ògì, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Orí bẹ́ǹṣì tó wà níta wọ́ọ̀dù ni mò ń jókòó sí. Bí àwọn ìyá míì bá bi mí léèrè, mo máa ń ní táífọ́ọ̀dù ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ọmọ mi kọ oúnjẹ, nígbà tí àwọn èèyàn ń wá èyí tí wọn yóò jẹ?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí lórí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wá bá wa. Ó mú ìwé ìbéèrè kan dání, tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó tó jìnnà sí wa. Ó bi Ṣukúrá bóyá ẹ̀rù sísanra ń bà á. Ó ní rárá, mà. Bóyá ó wù ú kó tín-ín-rín. Ó ní rárá. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwé náà, àìsàn yìí kò ṣe ọmọ mi. Obìnrin náà pa ìwé dé.

"Tí oúnjẹ bá dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ, báwo ló ṣe máa ń rí lára rẹ?"

Ṣukúrá wò mí, ó wá kọjú sí ògiri.

"Ó máa ń dà bíi pé mo ń jí i jẹ, mà. Tí mi ò bá jẹ ẹ́, Màmá mi máa ń yìn mí."

Mo dìde, mo jáde. Nídìí ẹ̀rọ omi ni obìnrin náà ti bá mi. Ó dúró tì mí títí mo fi sunkún tán. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìyá wọn ń yìn báyẹn tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ibi tí àìsàn náà rí dì mú lásán ni ọ̀rọ̀ yín." Mo gbọ́ ohun tó sọ. N kò tíì gbà á tán títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ méje la lò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, à ń lọ sọ́dọ̀ olùgbani-nímọ̀ràn lọ́sẹ̀ méjì méjì. Nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi pé kí n má yìn ín bó bá jẹun, kí n má sì bá a wí bí kò bá jẹ; kí n kàn jókòó jẹ tèmi pẹ̀lú rẹ̀, ká máa sọ ọ̀rọ̀ míì. Wọ́n ṣí bọ́dà kí ara rẹ̀ tó yá. Bàbá rẹ̀ padà sójú ọ̀nà, ìrẹsì padà wọlé wa, ṣùgbọ́n Ṣukúrá kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àìsàn náà tún gbé e padà sí wọ́ọ̀dù. Ọdún méjì lọ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ díẹ̀ nílé ìwẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Dókítà ní àwọn ọdún tó yẹ kí egungun rẹ̀ fi gbó ni kò fi rí oúnjẹ, pé díẹ̀ nínú ohun tó sọnù kò ní padà.

Obìnrin oníwàádìí náà tọrọ ààyè láti fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi ṣe ìbéèrè tuntun, èyí tí wọn yóò máa bi àwọn ọmọ tiwa. Ọmọ náà gbà, ó ní kí wọ́n ṣáà má dárúkọ òun. Èmi náà, Ṣukúrá tí mo ń pè é níbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara ọmọ náà, tó ń hu irun, tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ lò, tó ń wá ọ̀nà àtiyè nígbà tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tó ń pa á. Bí ọmọ yín bá ń bu oúnjẹ rẹ̀ fún ẹlòmíì lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi í léèrè jẹ́jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣukúrá ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, ebi ń pa mí." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí i kó má baà rí ojú mi, mo sì lọ gbé omi kaná.