Lẹ́tà Tí Meilan Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀sẹ̀ tí Gong Meilan gba iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní ilé ìwé girama Lianhu ni Peiwen, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pè é sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí mi láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, ẹ má kí mi." Meilan ní òun ti gbọ́. Ọdún méjì gbáko ló fi ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń rí wọn sọ pé ọmọ náà ń tijú ìyá tó ń gbálẹ̀. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ju ìgbálẹ̀ lọ, Meilan sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà ló tọ́ Peiwen. Meilan àti ọkọ rẹ̀ wà ní ìlú Dongguan tó jìnnà, wọ́n ń rán bàtà nílé iṣẹ́, ọmọ sì wà lábúlé pẹ̀lú ìyá bàbá rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta títí ó fi pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dún tó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ girama ni àìsàn dá ìyá àgbà dúbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni arúgbó náà fi ń pe orúkọ ọmọ. Peiwen wà ní ilé ìwé, kò sì ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ tiwọn: bí ọmọ bá ń múra ìdánwò, bí ilé ń jó, bí bàbá kú, gbogbo ẹnu á dákẹ́ títí ọmọ yóò fi gbé bírò sílẹ̀. Meilan sáré wálé láti Dongguan, ẹbí sì bi í pé kí ni kí àwọn ṣe. Meilan ní kí wọ́n má pè é.

Wọ́n sin ìyá àgbà lọ́jọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Nígbà tí Peiwen délé, ó gbé àkàrà onísísámì tó rà fún ìyá àgbà dání, ó sì bá sàréè tútù lẹ́yìn ilé. Kò sunkún. Ó kàn bi wọ́n pé, "Ta ló ní kí ẹ má pè mí?" Gbogbo wọn yíjú wo Meilan. Láti ọjọ́ náà, ohun tó ń jáde láàárín ìyá àti ọmọ kò ju "mo ti dé" àti "mo ti yó" lọ.

Meilan fi Dongguan sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ dúró sídìí iṣẹ́. Ó háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé bí àwọn ìyá yòókù ti ń ṣe, kí ó lè máa se oúnjẹ fún ọmọ títí di ìdánwò àtiwọ fásitì. Ó rò pé ọbẹ̀ lè ṣe ohun tí ẹnu òun ò lè ṣe. Ọdún mẹ́ta ló fi se egungun ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò òṣíbàtà. Peiwen a mu ún, a fọ abọ́, a kọ ẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí ìdánwò fásitì ku ọ̀sẹ̀ méjì, ohùn Tíṣà Kuang, olùkọ́ kíláàsì wọn, dún lórí fóònù gbogbo òbí. "Ẹ̀yin òbí wa, kí olúkúlùkù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ìwúrí sí ọmọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Lọ́jọ́ Ẹtì la ó pín in fún wọn. Ọ̀rọ̀ dídùn nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ohun tó máa bà wọ́n lọ́kàn jẹ́."

Ọdún mẹ́ta ni Meilan ti ń wá ọ̀nà yìí. Iwájú ọmọ náà kò ṣe é dúró sí sọ̀rọ̀, àmọ́ bébà kì í kọ ẹ̀yìn síni. Ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ó da báàkẹ́tì dojú dé, ó sì kọ ọ́ lórí rẹ̀:

"Peiwen, èmi ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá àgbà fi pè ọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ. Mo rò pé ìdánwò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ, mi ò rò ti ìyá àgbà tó ń bọ́ lọ. Mo ṣe àṣìṣe. Ó tọ́jú ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ méjìlá dè ọ́, ó ní kí n gbé e fún ẹ. Mo jẹ́ kí àwọn tó wá sìnkú jẹ ẹ́ tán. Bí o yege, bí o ò yege, jọ̀ọ́, máa bá mi sọ̀rọ̀."

Ó kà á, ó tún un kà. Ṣé ọ̀rọ̀ dídùn rèé? Ó mú un lọ bá Ìyá Zhiheng, aládùúgbò rẹ̀ nínú ilé náà, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì kan náà.

Ìyá Zhiheng kà á, ó sì pariwo. "Háà! Ìyá Peiwen! Ṣé lẹ́tà ìwúrí lo pe eléyìí ni, àbí ìkéde òkú? Ọmọ á ka èyí tán, á wá jókòó síwájú ìdánwò, á máa da omi lójú sórí ìṣirò. Gbé fóònù mi yẹn wá. Wò ó, èyí ni mo kọ sí tèmi."

Meilan wò ó. "Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìwọ ni oòrùn tó ń yọ sí mi láyé..." Ó dùn títí dé ìsàlẹ̀.

"Ìwọ lo ro gbogbo èyí jọ?"

"Èmi kẹ̀? Orí fóònù ni mo ti rí i. Dà á kọ, jàre. Kó o kàn yí orúkọ padà."

"Wọn ò ní mọ̀?"

"Ta ló máa sọ? Tó bá jẹ́ pé tinú mi ni kí n kọ sí Zhiheng, 'lọ fọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ, ó ń rùn' ló máa bá níbẹ̀."

Meilan rẹ́rìn-ín, ó sì dà á kọ. Ó fi lẹ́tà tirẹ̀ sínú àpòòwé, ó kọ orúkọ Peiwen sí i lẹ́yìn, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó sì bò ó mọ́ inú ìrẹsì nínú garawa. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí yóò fi ìyá àgbà pamọ́ fún ọmọ náà nítorí ìdánwò. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ni mo rò ó, inú sì bí mi sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dúró lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí i tí Peiwen gba àpòòwé, tó wo ìkọ̀wé ìyá rẹ̀ tó wọ́ bí ipa adìẹ, tó sì ń fi ìka tọ̀ ọ́. Meilan gbá ojú kan náà nígbà mẹ́rin. Tíṣà Kuang wá ní kí ẹnì kan ka tirẹ̀ sókè, Zhiheng sì dìde. "Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìwọ ni oòrùn..." Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òmíràn kígbe pé, "Tèmi nìyẹn!" Kó tó ka ìlà márùn-ún, gbogbo àwọn tó gba irú rẹ̀ ti ń bá a kà á pọ̀ bí orin. Tíṣà ń gbá tábìlì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Peiwen nìkan nínú wọn ni kò kà á sókè. Ó ká bébà náà sí wẹ́wẹ́ títí kò fi ṣe é ká mọ́.

Nígbà tó délé, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo ọbẹ̀. "Màmá, àwa mẹ́sàn-án la ní ìyá kan náà."

"Peiwen, jẹ́ kí n..."

"Ìyá àgbà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, tiwọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní bébà kankan mọ́ títí n ó fi ṣe tán."

Aṣọ àyálò kì í bá èèyàn lára mu, kí á má tíì sọ ti ọ̀rọ̀ àyálò. Meilan kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, ó hú àpòòwé náà jáde nínú ìrẹsì, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì fi í sí àárín ìwé ìṣirò tí Peiwen máa ń ṣí láràárọ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ náà ti pa ìwé yẹn tì láti ọjọ́ kejì ọ̀sẹ̀, pé ìwé kékeré tó kọ àwọn àṣìṣe rẹ̀ sí nìkan ló kù tó ń kà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, Peiwen mu ọbẹ̀ rẹ̀ tán, ó sì ní, "Màmá, ọbẹ̀ yìí dùn o." Meilan sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ẹ̀wù nu ojú. Ó sọ fún Ìyá Zhiheng pé, "Ó ti kà á!" Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, níbi tí àwọn ìyá ti wọ aṣọ pupa fún oríire, Peiwen bojú wẹ̀yìn lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó juwọ́ sí i. Meilan wọ pupa tó yá lọ́wọ́ Ìyá Zhiheng, ó fún un lábẹ́ apá, kò sì lápò, àmọ́ kò sí ìyá tó láyọ̀ tó o lójúde náà. Ọkàn ọmọ náà kàn fúyẹ́ nítorí pé nǹkan ń parí lọ. Ìyá rẹ̀ sì rò pé ìdáríjì ni.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Peiwen kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú àpò ńlá kan láti kó o sí ilé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. "Ó wúwo, Màmá."

"Gbé e fún mi." Meilan fúnra rẹ̀ ló rù ú dé ibẹ̀.

Bí agogo ìparí ti lù ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ náà sáré gun òkè ilé àtijọ́, wọ́n ń fa ìwé ya, wọ́n ń dà á sílẹ̀ láti òkè, wọ́n ń ké bí ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ọdọọdún náà ni àwọn agbálẹ̀ ń gbá a. Meilan mú ìgbálẹ̀ nínú aṣọ pupa rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, bébà ń já lé e lórí. Ìgbà náà ló rí ìdajì àpòòwé kan tí wọ́n kọ "Pei" sí. Ó wá ìdajì kejì, ó rí i lábẹ́ èèpo ìwé ìṣirò. Ọmọ náà ti fa ìwé àti àpòòwé ya pọ̀ láì wò ó. Gọ́ọ̀mù ẹnu rẹ̀ ṣì lẹ̀ pinpin.

"Màmá!" Peiwen sáré dé, bébà nínú irun rẹ̀, ẹ̀rín lójú rẹ̀. "Ó parí! Kí lẹ mú dání?"

Meilan la ẹnu. Nígbà méjì àkọ́kọ́, ìdánwò ló fi ṣe àwáwí. Lónìí kò sí ìdánwò mọ́, ẹ̀rù nìkan ló kù, ó sì tún borí rẹ̀.

"Bébà ni," ó ní.

"Ẹ gbá a dànù jàre. Ebi ń pa mí."

Aṣọ àyálò náà kò lápò. Meilan ju ìdajì méjèèjì sínú àpò ìdọ̀tí, ó sì tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀.

Wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, wọ́n jẹ nudulu ìrẹsì. Peiwen bèèrè ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀, ó là á sí méjì, ó fi ìdajì sínú abọ́ ìyá rẹ̀. "Ọdọọdún ni ìyá àgbà máa ń tọ́jú eléyìí dè mí," ó ní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tó dárúkọ rẹ̀ láìbínú láti ọdún mẹ́ta. "Ọdún tí wọ́n kú yẹn, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rántí."

Meilan tẹjú mọ́ abọ́.

"Jẹun," ó ní. "Ó ń tutù."