Wákàtí Méjì Tí Kò Sí Lójú Aago

Ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, irú ọ̀gá tó máa ń ti géètì mọ́ ọmọ tó bá pẹ́. Ní ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, ogójì ìṣẹ́jú ni aago pálọ̀ fi ń sáré ju aago gbogbo ayé lọ. Bàbá mi ló tì í síwájú kí a má baà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la sì ń yọ ogójì ìṣẹ́jú náà kúrò, nítorí náà a ṣì ń pẹ́ náà ni. Bí mo bá ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n á ní mo fẹ́ sọ ilé di ilé ọ̀lẹ.

Inú ilé yìí ni olùkọ́ físíìsì kan láti Mọ́níyà wọ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Kánsù tí mo ti ń ṣe akọ̀wé la ti pàdé. Ó jẹun tán, ó wá ń sọ fún bàbá mi pé àwọn onímọ̀ kan gbà pé àkókò ò sí rárá, pé àná, òní àti ọ̀la jọ wà lójú kan náà, àwa la kàn ń rìn kọjá lára wọn. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ há bàbá mi lọ́fun. Wọ́n ní, "Bí kò bá sí, kí wá ni mo torí ẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún?" Ẹ̀rín pa mí títí mo fi sá wọ kíṣíìnì.

Ní tèmi, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí, n ò tíì lọ́kọ. Ogún ọdún làwọn àǹtí mi fi ń sọ fún mi pé ọjọ́ ń lọ. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Nígbà tí olùkọ́ yìí wá ní òun fẹ́ fẹ́ mi, inú mi dùn débi pé mo bu iyọ̀ sí tíì, síbẹ̀ ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dáhùn. Mo ní mo ti pẹ́ jù, pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú aṣọ ìyàwó. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ n rò ó."

Ìgbà tó yá, ó ríṣẹ́ sí Èkó. Ó ní, "Rélùwéè aago mẹ́rin ni mo ń wọ̀ ní Mọ́níyà lọ́jọ́ Fúráìdeè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fún mi lésì. Bí n ò bá rí yín, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ nìyẹn." Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n ní, "O ò rí nǹkan? Ẹni tó ní àkókò ò sí ló wá ń dá àkókò fún ọmọ mi."

Rélùwéè yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ iná ò sí fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù gbogbo wa ti kú, aago pálọ̀ nìkan la gbójú lé. Nígbà tó di aago méjì ààbọ̀ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdeè, mo yọ ogójì ìṣẹ́jú mi, mo ní ààyè ṣì wà. Bàbá àti ìyá mi ní àwọn ń bá mi lọ. Kí ló kàn wọ́n ńbẹ̀? Wọ́n ti wọ bàtà tán. Láti Ìwó Road dé Òjóò, sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Mò ń gbàdúrà, mò ń bú dírẹ́bà takisí wa nínú ọkàn mi, mo tún ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí.

A dé Mọ́níyà, mo sáré wọ ibùdó rélùwéè, mo gbójú sókè wo aago ara ògiri. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Bàbá mi ní aago náà ti kú. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kò kú, ẹ̀yin lẹ tètè dé. Ni bàbá mi bá wúkọ́, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ti ti aago pálọ̀ síwájú ní wákàtí kan sí i láàárọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi lanu. Wọ́n ní àwọn náà ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un lánàá. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn, èmi náà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ léèsì mi. Àṣé irọ́ lásán lèèyàn fi ń rí wákàtí méjì gbà.

Olùkọ́ mi ti wà níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báàgì méjì. Ó ní òun ò lè jókòó sílé. Àwọn òbí mi lọ sí ọ̀ọ́kán, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. A ra ẹ̀pà, a sọ̀rọ̀ onílé rẹ̀, a sọ̀rọ̀ adìẹ tó ń yé sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá lanu láti dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ adìẹ ló ń jáde. Oṣù mẹ́ta tí mo fi ń bẹ̀rù gùn bí ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n wákàtí méjì yìí ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bóyá ohun tó ń sọ fún bàbá mi nìyẹn, n ò mọ físíìsì.

Wọ́n pe àwọn èrò. Kò dìde. Mo ní, "Ẹ dìde, wọ́n fẹ́ ti géètì." Ó ní òun gbọ́. Wọ́n ti géètì, rélùwéè fọn fèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Inú bí mi. Mo bi í pé kí ló dúró ṣe.

Ó ní, "Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Mo lè wọ ti ọ̀la."

"Bí n ò bá tún dáhùn lọ́la ńkọ́?"

"Ti ọ̀túnla wà."

Ẹkún àti ẹ̀rín gbà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Láti kékeré, sáré ni gbogbo èèyàn ń sọ fún mi. Òun nìkan ló jókòó dè mí. Mo ní mo gbà. Ariwo rélùwéè ò jẹ́ kó gbọ́, ó ní kí n tún un sọ. Mo dìde dúró, mo pariwo ẹ̀ lójú gbogbo èrò, n ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.